Ìdí Tí Bàbá Mi Kò Fi Jẹ́ Kí A Gé Ẹ̀ka Máńgòrò Ilé Wa

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé irinṣẹ́ ni mo ń tà ní Sábọ̀n-Gàrí Kánò níbí: àdá, ọkọ́, ayùn, àáké, ṣọ́bìrì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá ra ayùn ọlọ́wọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ fi gé ẹ̀ka máńgòrò àgbàlá wọn, torí ó ti bo òrùlé mọ́lẹ̀, àdán ló sì ń jẹ gbogbo èso orí ẹ̀. Mo bá a dúnàá dúrà, ó sanwó, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ló gbé ayùn náà dé. Màmá yìí á ti tó ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gba ayùn ẹ, kó o fún mi lówó mi. Ẹni tó gbin igi yẹn ti wà nílẹ̀. Ṣé mo wáá jókòó kí wọ́n máa gé ọkọ mi lápá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ sẹ́yìn gan-an, torí pé bí ẹní pé bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bàbá mi gbin máńgòrò sí àgbàlá wa kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo fi máa wà ní fọ́ọ̀mù tírì, igi yẹn ti ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbẹ́ wa lọ. Inú rẹ̀ ṣú bíi yàrá tí wọn ò ṣí fèrèsé ẹ̀. Òkè téńté lókè ló ń so sí, níbi tí òòrùn ti ń rí i, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í tó o. Àwọn aládùúgbò ráhùn, màmá mi ráhùn, bàbá ò gbọ́. Wọ́n á gé igi ìdáná, wọ́n á gé dogonyaro níwájú ilé wa lọ́dọọdún, wọn ò ní bínú. Àmọ́ tó o bá ti mú àdá dé ìdí igi tó ń so, ìjà dé. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹni tó bá gbé ayùn wọ ọgbà ẹ, kì í ṣe ẹ̀ka ló bá wá."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Inú oko kòkó ló ti wá, lẹ́yìn odi Ìbàdàn, láàárín ọdún 1946 sí 1950.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìsàlẹ̀ wá. Kòkó kì í ṣe igi wa láti ilẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà apá ìsàlẹ̀ ló ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1874, olóyè Squiss Ibaningo gbìn ín ní agbègbè Bonny. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò Èkó bíi J. K. Coker dá oko kòkó ńláńlá sí Agége, àwọn lébìrà tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì gbé irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú wọn. Láàárín ogójì ọdún, kòkó ti di owó ilé ìwé, owó orí ìyàwó, owó páànù òrùlé. Nínú oko ni bàbá bàbá mi ti rí owó kọ́ ilé.

Igi kòkó ní bó ṣe ń ṣe. Á kọ́kọ́ ga lọ sókè lójú kan, tó bá wá ga tó àyà èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, á dúró, á pín sí ẹ̀ka mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà èhù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ìtí rẹ̀, á fẹ́ ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó bá mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí èhù yẹn dàgbà. Ìgbà tó bá ṣì rọ̀ ni á fi ọwọ́ ya á dànù. Bí ó bá jẹ́ kó dàgbà, òun ni á máa jẹ oúnjẹ igi, igi á ga kọjá ibi tí ọwọ́ ń tó, inú oko á ṣókùnkùn. Inú òkùnkùn tó tutù yẹn sì ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́ràn jù nígbà òjò. Ohun mìíràn tún ni pé ara ìtí àti ara ẹ̀ka ni òdòdó kòkó ti ń yọ, lójú kan náà lọ́dọọdún. Tó o bá fi ọ̀bẹ já èso rẹ̀ ní ìjákùjá, tó o sì ha ojú ibẹ̀ lọ, ibẹ̀ ò ní so mọ́.

Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn bàbá wa ò mọ rírẹ́ igi. Kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti ń gé àfòmọ́. Ẹyẹ ló ń jẹ èso àfòmọ́. Kóró rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á wá nu ẹnu rẹ̀ sára ẹ̀ka obì tàbí òroǹbó, ibẹ̀ ni kóró yẹn á ti hù. Kò ní gbòǹgbò nílẹ̀, inú ẹ̀ka onílé ló ń ki ẹnu bọ̀ tó ti ń mu omi. Àwọn àgbà náà ló pa á lówe pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Àwọn Hausa ibí ń pè é ní kauci, ẹ máa rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta egbòogi. Tó o bá kàn já ewé rẹ̀, ó ń padà bọ̀ ni. Àfi kó o gé ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ibi tó ti wọlé sí i lára. Àgbẹ̀ wa mọ èyí dáadáa: ẹ̀ka kan lọ kí igi lè kù.

Òye tí wọ́n ní nìyẹn nígbà tí àìsàn kòkó dé.

Gáná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, lọ́dún 1936. Ẹ̀ka á máa wú bí ẹsẹ̀ tí jàkùtẹ̀ mú. Ewé titun á ní ìlà pupa lára. Èso á kéré, á rí róbótó, kò ní ní nǹkan gidi nínú. Láàárín ọdún méjì mẹ́ta, igi á kú. Ní 1940 ni wọ́n fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Àwọn kòkòrò kéékèèké funfun kan tó dà bíi pé wọ́n fi ìyẹ̀fun kùn wọ́n lára ló ń gbé e láti igi dé igi, èèrà sì ń tọ́jú àwọn kòkòrò yìí bí darandaran ṣe ń tọ́jú màlúù, nítorí omi dídùn tó ń jáde lára wọn. Ní 1944 wọ́n rí àìsàn náà ní apá Ìbàdàn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Bàbá mi tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Wọ́n ní nígbà tí ẹ̀ka kọ́kọ́ wú nínú oko bàbá tiwọn, ohun tí ẹni tó ń gé àfòmọ́ máa ṣe náà ni bàbá ṣe. Ó gé ẹ̀ka tó wú, ó sun ún, ó ní ó ti tán. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀ka mìíràn wú. Ó tún gé ìyẹn. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀. Àfòmọ́ wà lójú kan, fáírọ́ọ̀sì wà nínú omi ara igi látòkè délẹ̀. Igi tí kò tíì wú rárá lè ti ní in lára. Kò sí bó o ṣe máa gé ẹ̀ka tí o máa gé àìsàn yẹn kúrò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ ìgbà yẹn mọ̀ ni kí gbogbo igi lọ, tìdítìdí.

Òtítọ́ ni wọ́n sọ o. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn, torí kì í ṣe pé wọ́n wá parọ́. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tí wọ́n mú un wá. Nígbà ogun Hitler, ìjọba nìkan ló ń ra kòkó, iye tó bá wù ú ló sì ń san, ó sì kéré. Ìgbà tí ogun parí, tí owó kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, tí àgbẹ̀ ní òun náà á mí, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ará àgíríìkì gbé àdá àti àáké wọ oko. Igi tó ń so, tí èso wà lórí ẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n ní kí a gbin òmíràn, èyí tó máa tó ọdún márùn-ún sí méje kó tó mú owó wálé. Kí ni ọmọ máa jẹ láàárín ìgbà yẹn? Ta ló jókòó ṣàlàyé fún àgbẹ̀ pé èyí kì í ṣe àfòmọ́? Bàbá mi ní lébìrà kan ló dé, ó fi nǹkan sàmì sí ìdí igi, àwọn yòókù ń gé bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá bàbá mi jókòó sórí òkúta, kò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò gbà. Ẹgbẹ́ yìí náà ni Adégòkè Adélabú bá pawọ́ pọ̀ lẹ́yìn náà nínú ìṣèlú Ìbàdàn. (Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Àgbẹ́kọ̀yà o. Ti Àgbẹ́kọ̀yà jẹ́ 1968 sí 1969, owó orí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ jà.) Nígbà tó fi máa di 1950, ìjọba ti jáwọ́ nínú fífi tipá gé kòkó níbi tí àìsàn náà ti pọ̀ jù ní apá Ìbàdàn.

Ti Gáná tún le jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín bọ̀ láti Gáná lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò máa lọ, ẹ ó ti gbọ́ nípa ẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn Accra ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1948, ìgbìmọ̀ Watson tí wọ́n gbé dìde láti wádìí rẹ̀ ka gígé kòkó mọ́ ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú. Nígbà tí Nkrumah dé ipò lọ́dún 1951, ó dá fífi tipátipá gé e dúró. Síbẹ̀ àìsàn ò dúró. Wọ́n padà sídìí gígé, àpapọ̀ igi tí wọ́n ti gé ní Gáná títí di òní ti ju mílíọ̀nù 200 lọ.

Bàbá mi wọ rélùwéè wá sí Kánò ní 1955. Wọn ò padà sídìí kòkó mọ́ láyé wọn. Ohun tí wọ́n gbé bọ̀ látinú oko yẹn ni ìbẹ̀rù ayùn. Ọ̀bẹ tó ń gé àfòmọ́ kí igi lè yè, àti àáké tó ń gé igi lulẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Mo sì ti wáá rí i pé bàbá mi nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa níbí, ẹni tó wá láti ilẹ̀ kòkó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn ọmọ wọn tí kò dé oko rí ni wọ́n jogún ẹ̀rù yẹn láìmọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á ní èèwọ̀ ni.

Bàbá mi kú ní 2009. Ní 2011, nígbà òjò àkọ́rọ̀, ìjì kan jà lóru, ẹ̀ka kan tó nípọn bí àgbá ya lórí máńgòrò náà, ó sì balẹ̀ sórí yàrá tí àbúrò mi obìnrin ń sùn sí. Ọlọ́run ló yọ wá, ìta ló wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ a wò ó, inú ẹ̀ka náà ti jẹrà tipẹ́. Èèrùn ti kọ́lé sínú ẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a gé igi náà lulẹ̀ kí a fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Màmá mi ń sunkún. Èmi tí mo ń ta ayùn fún gbogbo ayé, n ò mọ ohun tí mo máa ṣe.

Oníbàárà mi kan ló gbà mí. Hausa ni, àgbàlagbà, ó ní lambu tirẹ̀ ní ọ̀nà Bagauda, níbi tó ń bomi rin máńgòrò, gúáfà àti lemu sí. Ó ti ṣe lébìrà rí ní ọgbà ìwádìí tí NIHORT ní sí Bagauda. NIHORT yìí, Ìbàdàn tiwa ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, èso àti ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: ìmọ̀ tó máa wo igi bàbá mi sàn gba Ìbàdàn dé Kánò, ó wá gba ọwọ́ Màlámù wọlé wa.

Màlámù kò mú ayùn dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó rìn yí igi náà ká, ó ń wo òkè. Ó ní, "Mangwaro yìí ṣì ní okun. Ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á." Oṣù kẹfà ni, èso ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ẹ̀. Ó ní ìgbà tó dára jù lọ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ti ṣàṣìṣe: ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó máńgòrò ti ń yọ, ẹ̀ka náà sì gbọ́dọ̀ ti gbó. Tó o bá gé e lẹ́yìn ìkórè, òjò á mú ẹ̀ka titun jáde, á gbó kí ọyẹ́ tó dé, á sì tanná. Tó o bá dúró di oṣù kọkànlá kó o tó gé e, òdòdó ọdún yẹn lo gé dànù. Gúáfà yàtọ̀. Ara ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni òun ti ń so, nítorí náà gígé ló ń pe èso rẹ̀.

Bó ṣe gé ẹ̀ka ńlá náà nìyí. Ó kọ́kọ́ fi ayùn gé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí ìtí. Ó wá gé e láti òkè, ní iwájú ojú àkọ́kọ́, títí tó fi já. Torí tó o bá gé láti òkè nìkan, bó ṣe ń já bọ̀, á bó èèpo igi lọ títí dé ìdí. Èyí tó kù ló wá gé ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nítòsí ìtí, níbi tí ara igi ti wú díẹ̀ yí ìdí ẹ̀ka ká. Kò gé wọ inú wíwú yẹn, kò sì fi kùkùté sílẹ̀. Inú wíwú yẹn ni awọ titun ti máa ń jáde bo ojú ọgbẹ́. Ibi tí ẹnì kan ti gé igi náà ní ìgékúgèé rí, kí bàbá mi tó lé e, kùkùté ibẹ̀ ló jẹrà wọnú. Ohun tó ya lé yàrá àbúrò mi nìyẹn.

Kò gé ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lọ́dún yẹn. Ó ní tí òun bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òòrùn Kánò á jó ara igi tí kò rí òòrùn láti ogún ọdún. Ibi tó ṣí sílẹ̀ jù, ẹfun funfun ló ní kí a fi kùn ún. Oje máńgòrò ta sí mi lọ́wọ́, ó bó mi bí iná. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí ẹ bá fẹ́ ṣe é.

Ó tún wo òroǹbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí a máa ń sọ pé ó ti "yí padà", torí ó ń dùn tẹ́lẹ̀, ó wá di kíkan. Màlámù rẹ́rìn-ín. Wọ́n lẹ ojú òroǹbó dídùn mọ́ ìdí òmíràn tó ní ẹ̀gún tó sì kan ni, kí wọ́n tó tà á fún wa. Èhù yọ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, a ò gé e, ó wá gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi ń bomi rin àlejò.

Ìtàn kan wà tí Pausanias, ará Gíríìsì kan tó kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1800 àti jù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, kọ sílẹ̀ nípa ìlú Nauplia. Ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló jẹ ẹ̀ka àjàrà, àjàrà náà sì so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ gbẹ́ àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sára àpáta nítorí pé òun ló kọ́ wọn ní rírẹ́ àjàrà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màlámù, ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tòun ti jẹ gúáfà òun rí, àmọ́ òun ò gbẹ́ àwòrán ẹ̀ o, ẹgba lòun nà án.

Ní 2012, máńgòrò wa ò so tó garawa kan. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Ẹ ti pa á." Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi bó ṣe rí lára ẹni tí wọ́n ní kó fara da àdánù òní nítorí èrè tí kò tíì rí. Ẹ̀ka díẹ̀ péré ni tèmi o, oko odindi ni ti bàbá bàbá mi. A tún gé díẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 2013 ó so, ìsàlẹ̀ ló sì so sí. Màmá mi fi ọwọ́ ara wọn já a láì gun nǹkan kan. Látìgbà yẹn a ń gé e díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ó ṣì wà níbẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Màmá Ọ̀fà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n padà jókòó nígbà tó yá. Mo da owó wọn padà fún wọn pé, kò sí wàhálà. Wọ́n bi mí bóyá Màlámù ṣì wà láyé, mo ní ó wà, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń gun igi báyìí. Wọ́n ní, "Ṣé ó máa gbà kí n dúró nídìí igi nígbà tó bá ń gé e?" Mo ní á gbà. Ayùn náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn mi, n ò tíì tà á fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní àwọn á pè mí tí máńgòrò bá tán lórí igi.